Ilẹ̀ Tó Ń Jẹ Iná ní Pópó Àgùdà

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Sísì Winifred lóminú ni pé nǹkan ń dára. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sì ti gbé Èkó pẹ́ tó láti mọ̀ pé nǹkan kì í ṣàdédé dára ní àdúgbò wọn. Bí gọ́tà bá ṣàdédé gbẹ, ẹnì kan ló ti dí i lókè. Bí iná ìjọba bá ṣàdédé mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí onífíríìjì yáa sáré yọ ọ́ lára iná.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí ètè gbogbo èèyàn ń là, ó wo míta rédíò tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó rí i pé iye tó máa ń kà níbẹ̀, tó ń dára bó bá ṣe ń kéré sí i, ti já láti méjìdínláàádọ́ta sí márùndínlógójì. Kò yọ̀. Ó nu ojú míta náà, ó tún un wò, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá yinmú bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tó ti kan síwájú rẹ̀.

Ọmọ Pópó Àgùdà ni Winifred. Baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tó ti Brazil padà sí Èkó, òun ló sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gbé títí di òní, pẹ̀lú fèrèsé onígi rẹ̀ àti òdòdó alámọ̀ tó wà lókè ilẹ̀kùn. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi rédíò bá àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Kóòdù Mọ́ọ̀sì, tí-tí-tá tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá ń ronú, ìka rẹ̀ a máa kọ ọ̀rọ̀ sára tábìlì láìmọ̀. Nígbà tí sátẹ́láìtì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Kò sinmi. Ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba láti máa fi rédíò sọ̀rọ̀ fún ìfẹ́ ara rẹ̀, ó sì sọ yàrá ẹ̀yìn ilé di ibùdó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn ìgbì kúkúrú, tó ń fò lọ sí Yúróòpù bí ẹyẹ. Winifred ní ìgbì gígùn ni tòun, irú èyí tí ẹyọ ìgbì kan gùn ju ọgọ́jọ mítà lọ, tó ń rọra fà lórí ilẹ̀ bí àgbàlagbà tó mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ áńténà tó ga tó ogójì mítà. Ta ló fẹ́ rí àyè nàró bẹ́ẹ̀ ní Pópó Àgùdà? Mítà méjìlá ni tirẹ̀, waya kan ṣoṣo tó ti ẹ̀yìnkùlé gòkè lọ sára ọparun tó so mọ́ òrùlé. Níwọ̀n bí waya òkè ti kúrú, gbogbo ọ̀rọ̀ náà dọwọ́ ilẹ̀.

Hàwáwù ni wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ń gbẹ́ ẹ. Hàwáwù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Azeemah, ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Fìlà àti ẹní ìkírun ló ń tà l'Ọ́jà Balógun. Ó dúró, ó káwọ́ lérí, ó ń wo Sísì tó ń fi ọkọ́ kékeré tẹ waya bàbà sínú ilẹ̀, ogún ẹyọ, tí wọ́n nà láti ìdí áńténà bí eegun agbòòrùn.

"Sísì, ṣé waya tòkè yẹn ò tó ni? Kí lẹ ń gbin èyí bí ẹ̀gẹ́ sí?"

"Ìyá Azeemah, iná tó bá gòkè gbọ́dọ̀ padà wálé. Ilẹ̀ ló ń gbà padà. Bí ilẹ̀ bá dáa, á délé. Bí ilẹ̀ ò bá dáa, ilẹ̀ á jẹ ẹ́ mọ́nà. Nínú ọgọ́rùn-ún tí mò ń fi ránṣẹ́, mẹ́rin péré ló ń fò. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù, ekòló ló fi ń yáná."

"Ekòló!" Hàwáwù pàtẹ́wọ́. "Àwa ò ríná lò, ekòló ilé wa ń yáná!"

Ọjọ́ yẹn náà ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti kọ́kọ́ rí Winifred lára. Ilẹ̀ tí baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ mọ́. Ọ̀rá ni, ìdérí ìgò ni, àfọ́kù àwo, ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò ní èkejì. Ó fa wíìgì kan jáde tó ti di bí òkú eku. Ó jù ú sẹ́yìn, ó ní, "Ṣíọ̀! Ta ló ń sin wíìgì?" Ó fọ ọwọ́ ní ìgbà mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ kò lè fi ọwọ́ náà jẹun alẹ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń ka míta láràárọ̀. Iye tó ń kà ni ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé bó ṣe ń rìn. Bó bá kéré, a jẹ́ pé ilẹ̀ kò jẹ púpọ̀. Nígbà òjò, ilẹ̀ a tutù, iye náà a wálẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ a gbẹ, a sì gòkè. Ìdí nìyí tí márùndínlógójì láàárín ọyẹ́ kò fi yé e. Òjò tó rọ̀ gbẹ̀yìn, oṣù kọkànlá ni.

Ká sọ òótọ́, ìfura yẹn kò lọ jìnnà. Ní ọjọ́ kẹta, Jíbrílù pè é lórí fóònù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni Jíbrílù, ní Ìlọrin, òun náà sì ní ìwé àṣẹ rédíò. Odindi ọdún kan ló ti ń jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ láti gbọ́ Winifred, tí kì í sì í gbọ́ ju kíríkírí bí èékánná tó ń họ páálí.

"Sísì! Mo gbọ́ yín! Gbogbo lẹ́tà pátá, mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò fo ọ̀kan! Kí lẹ ṣe sí ilẹ̀ yín?"

"N kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ má fi pamọ́ fún mi o, Sísì. Èmi náà fẹ́ ṣe é."

Inú Winifred dùn débi pé ó ra àkàrà fún gbogbo ilé láàárọ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òun àti Jíbrílù ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń sọ nípa ojú ọjọ́, nípa orúnkún tó ń dunni, nípa ọkọ̀ òkun kan tí Winifred gbọ́ igbe rẹ̀ kẹ́yìn lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Iye orí míta sì ń wálẹ̀ sí i: ọgbọ̀n, méjìdínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélógún. Iná tó ń fò ti di ìlọ́po méjì. Ó mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kò béèrè. Ohun tó padà wá ń kó o nírìíra jù nìyẹn nígbà tó bá rántí, pé òun tó máa ń béèrè ìdí gbogbo nǹkan, ó dákẹ́ nítorí pé nǹkan náà dùn mọ́ ọn.

Iye ọjọ́ Àìkú ló tú àṣírí. Nígbà tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó rí i pé láti ọjọ́ Ajé sí Àbámẹ́ta, iye máa ń wálẹ̀. Tó bá di Àìkú, a tún gòkè díẹ̀. Ó tún un wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bákan náà ni. Ó fi biro lu tábìlì. Òjò kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ló wà ní àdúgbò yìí tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, tó ń sinmi ní Àìkú?

Ó gbójú sókè, ó wo ògiri.

Lẹ́yìn ògiri náà ni plásà tuntun wà. Ilé àgbà kan bíi tiwọn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Mùtíù tó rà á, tó wó o, tó sì gbé ilé alájà mẹ́rin dìde síbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣí i. Ọgọ́ta ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú rẹ̀, aṣọ àti bàtà láti ìsàlẹ̀ dókè. Wọn kì í ṣí i ní ọjọ́ Àìkú.

Winifred lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn waya ilẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tú ọ̀kan, ó ń sáré lọ wo míta. Àwọn tó kọjú sí ilé, bó tú wọn, bí kò tú wọn, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú àwọn márùn-ún tó kọjú sí ògiri plásà, iye náà fò padà sókè bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. Waya márùn-ún yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ó so ìborùn mọ́ imú, ó mú ṣọ́bìrì. Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni, plásà kún dẹ́nu.

Ẹsẹ̀ kan péré ló gbẹ́. Lókè, iyanrìn gbígbẹ ni, eruku ọyẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, ó ń hó lábẹ́lẹ̀ bí ògì tó ti kan. Waya bàbà rẹ̀ tó ń dán nígbà tó rì í ti di àwọ̀ ewé. Òórùn náà gba inú ìborùn wọlé. Kì í ṣe òórùn gọ́tà tó ti mọ́ gbogbo ọmọ Èkó lára tí kò sì yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Èyí ń wọ ọ̀fun, ó ń jókòó síbẹ̀. Ó tún gbẹ́. Ṣọ́bìrì kan nǹkan líle. Páìpù funfun kan ni, tó nípọn bí itan, tó gba abẹ́ ògiri jáde. Kò wọnú kòtò kankan. Ó kàn ya ẹnu sílẹ̀ sínú ilẹ̀ wọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wò ó dáadáa, ẹnì kan fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ ọ tó ń bọ̀, láti àjà kẹrin, gbùrù-gbùrù nínú ògiri. Kí ó tó fẹsẹ̀ fẹ, páìpù náà ti pọ̀ ọ́ jáde, ìgbẹ́, ìtọ̀ àti bébà, sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó gbóná lọ́wọ́ọ́rọ́.

Winifred bì. Ó bi àkàrà, ó bi tíì, nígbà tí kò sí ohun tó kù mọ́, ó ń bi afẹ́fẹ́. Ó di ògiri mú, ó sì ń rò ó pé orí èyí ni orúkọ òun ti ń fò lọ sí Ìlọrin. Iyọ̀ inú ìtọ̀ ọgọ́ta oníṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà wọn ló rin ilẹ̀ náà tí iná fi ń rí ọ̀nà gbà. Ilẹ̀ tó dáa!

Ibẹ̀ ni Hàwáwù bá a. Ó gbé búútà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi nínú kànga, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àlàásárì.

"Sísì! Kí ló ṣe yín?"

Winifred nawọ́ sí kòtò. Hàwáwù wo kòtò, ó wo páìpù. Ó wá yíjú sí kànga, tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀. Ó wo búútà ọwọ́ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣí plásà."

"Oṣù mẹ́rin." Hàwáwù rọra gbé búútà sílẹ̀ bí ẹni pé ejò wà nínú rẹ̀. "Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń fi ìgbẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo fi ń fọ ẹnu. Mo fi ń fa imú. Omi yìí ni mo fún Azeemah, tí inú fi ń run ún láti oṣù kejìlá, tí mò ń sọ pé ẹ̀wà ni. A'ùúsù bíllàhì!" Ó ń fi ìborùn nu ètè rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, títí ètè náà fi pọ́n.

Winifred ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá mẹ́fà, wọ́n sì jọ lọ sí plásà. Wàsíù, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀, kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́, kò lè wo ojú wọn.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Kò sí àyè láti gbẹ́ kòtò lọ́dọ̀ wa, ilé ti gba gbogbo ilẹ̀. Bàbá tiyín tó wà lókè ló fún wa láyè. Wọ́n mọ̀ sí i."

"Bàbá wo?"

"Bàbá Christian."

Ẹ̀gbọ́n Winifred ni Christian, ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin, olórí ẹbí, ẹni tó máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Àìkú. Ó jókòó sí bákónì iwájú lórí àga onítìmùtìmù, ìgò omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Winifred dúró níwájú rẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ lọ sí ìgò omi náà. Ó wo ẹ̀yìn àga. Ìgò ṣófo méjìlá ló tò síbẹ̀, àpótí omi mìíràn tí wọn kò tíì tú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ó ti fẹ́ pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló jáde.

"Bọ̀dá, láti ìgbà wo lẹ ti ń mu omi inú ìgò?"

Christian ti ìgò náà sẹ́yìn àga.

"Omi kànga ni wọ́n fi tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wa dàgbà nínú ilé yìí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé omi ìgò, omi àwọn ọmọ ọ̀lẹ ni. Láti ìgbà wo?"

"Winnie, má bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ní. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, kí la sì ń fi ṣe? Ìwọ nìkan lò ń gbin waya síbẹ̀."

"Kí ni wọ́n fún yín?"

Ó gbójú sí títì. "Ṣọ́ọ̀bù kan. Nísàlẹ̀. Èyí tó kọjú sí ọ̀nà."

Hàwáwù ti lọ, ó sì ti padà dé. Ó gbé búútà rẹ̀ dání. Ó kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ó sì gbé búútà náà síwájú ẹsẹ̀ bàbá.

"Bọ̀dá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Omi kànga ilé yín nìyí. Bó bá mọ́, ẹ bá mi mu ún."

Christian fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún. Ọmọ mi ń mu ún."

Kò mu ún. Gbogbo ohun tó ṣe ni pé ó mú aṣọ ìnujú, ó fi bo imú. Winifred wò ó pẹ́. Ó ti rí àwọn ohun ẹ̀gbin lẹ́yìnkùlé, wíìgì, páìpù, gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó rí lórí àga onítìmùtìmù yẹn ló kó o nírìíra ju gbogbo wọn lọ. Páìpù kò mọ ẹni tó ń ṣe é sí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọjọ́ Ajé, wolé-wolé dé. Winifred ló lọ pè wọ́n, òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń kọ iye míta sí lábẹ́ apá. Obìnrin tó ṣáájú wọn, Àdíját lorúkọ rẹ̀, kò rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí: ọjọ́, àkókò, iye, ó ṣe kedere pé láti oṣù kẹsàn-án ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò bo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n dí páìpù náà ní ojú ẹsẹ̀. Wọ́n ti gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ plásà pa, ọgọ́ta ṣọ́ọ̀bù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa Mùtíù láṣọ. Wọ́n da kọnkéré bo ẹnu kànga.

Mùtíù wá bẹ̀bẹ̀ ní ọjọ́ kejì, òun àti àgbààgbà mẹ́rin, òórùn tùràrí ń ti ara agbádá rẹ̀ jáde. Ó ní òun ti rí ibi tí òun á fi táǹkì ńlá sí lábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọkọ̀ á máa wá fà á. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí Sísì bá lè bá àwọn wolé-wolé sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù kan ṣì wà ní àjà kejì tí òun lè fi dá a lọ́lá.

"Ẹ máa mú ṣọ́ọ̀bù yín lọ," Winifred ní. "Ó ń rùn."

Táǹkì náà ló padà ṣe. Wọ́n kó erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kúrò dé ẹsẹ̀ mẹ́rin nísàlẹ̀, ọkọ̀ mọ́kànlá, wọ́n sì da iyanrìn mímọ́ dípò rẹ̀. Winifred kò fọ waya bàbà rẹ̀. Ogún ẹyọ pátá ló kó sínú àpò, títí kan àwọn tí ìgbẹ́ kò kàn, ó ní kí wọ́n kó o lọ pẹ̀lú erùpẹ̀. Nígbà tó rì waya tuntun mẹ́rin sínú iyanrìn láti dán an wò, míta kà á ní márùndínlọ́gọ́ta. Kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Iyanrìn mímọ́ tó gbẹ, ó ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ń pa.

Jíbrílù kò gbọ́ ọ mọ́. Ó pè lórí fóònù, Winifred sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Áà, àánú ilẹ̀ yẹn ṣe mí, Sísì. Ilẹ̀ tó dáa tó bẹ́ẹ̀."

"Jíbrílù, ìgbẹ́ ni mo sọ. Ìgbẹ́."

"Mo mọ̀, Sísì, mo kàn ń—"

Ó pa fóònù mọ́ ọn létí, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Jíbrílù ló padà bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń jẹ Winifred lọ́kàn, Hàwáwù ló sọ ọ́ fún. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun ti béèrè lọ́jọ́ tí iye kọ́kọ́ já ni, omi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì bá tí kan Azeemah. Hàwáwù ń ká ẹní ìkírun tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Kò gbójú sókè. "Sísì, ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ wà lókè, ó ń mu omi ìgò." Dókítà ti fún Azeemah lóògùn, inú rẹ̀ sì ti dáwọ́ rírun dúró. Àáfà sọ fún Hàwáwù pé Ọlọ́run ti gba gbogbo ìrun tó fi àìmọ̀ kí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àáfà, ó sì ń san ìrun náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn Àsùbáà, nítorí pé ara rẹ̀ kò gbà á.

Winifred pinnu pé òun kò ní bá ilẹ̀ ilé yẹn da nǹkan pọ̀ mọ́. Ó na waya mẹ́jọ sókè, tó ga ju orí èèyàn lọ, láti òpó dé òpó yí ẹ̀yìnkùlé ká, tí wọn kò fara kan ilẹ̀ rárá, kí iná lè gba orí wọn padà wálé láìbá erùpẹ̀ ṣe. Ó gbà á ní oṣù kan gbáko láti tò wọ́n. Míta kà á ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò tó ti ìgbẹ́. Jíbrílù ń gbọ́ ọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ròkè, a máa pàdánù lẹ́tà kan tàbí méjì, a ní kó tún un sọ. Winifred a sì tún un sọ.

Christian ṣì ń ka ẹ̀kọ́ kìíní. Ní ọjọ́ Àjíǹde, nígbà tí àlùfáà ní kí olúkúlùkù fún ẹnìkejì rẹ̀ ní àmì àlàáfíà, ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá wá sí ìlà tí Winifred jókòó sí, ó sì na ọwọ́ sí i. Gbogbo ẹbí ń wò. Winifred wo ọwọ́ náà, èékánná tí wọ́n gé dáadáa, òrùka olórí ẹbí. Nítorí ilé Ọlọ́run, ó na ìka méjì, ó fi kàn án, ó sì yíjú sí pẹpẹ.